Tẹ̀lé Eré, Má Tẹ̀lé Ọ̀pá: Bí a ṣe ń ṣírò ìṣàn àwọn ọ̀pá tó ń kọlu ara wọn lórí ìlà kan

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń kọ sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá bá mi ní Òkè-Balógun, ní Ẹ̀pẹ́, ní àárọ̀ Sátidé. Àwọn ọ̀pá líle wà lórí ìlà tóóró kan. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1, ìwúwo wọn dọ́gba, kò sì sí èyí tó lè fo èkejì kọjá. Bí a bá ka àwọn ọ̀pá tó wà nínú gígùn mẹ́wàá, a ó rí mẹ́ta tó ń sáré 2 lọ sọ́tùn-ún, àti méjì tó ń sáré 1 bọ̀ sósì. Báwo ni eré 2 yẹn ṣe ń jìnnà tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan?

Àwọn kan á kọ 2. Ọ̀pọ̀ á kọ ohun tó kéré sí 2, wọ́n á ní ìkọlù ló ń dá a dúró. Ìdáhùn rẹ̀ ni 3.2.

Ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣubú, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá dáadáa, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ohun tí àwọn onífísíìsì ń pè ní generalized hydrodynamics láti ọdún 2016. Ìdọ́gba tó jọ ti omi tó ń ṣàn ni, ṣùgbọ́n omi tirẹ̀ kì í gbàgbé. Nínú omi ọ̀sà, ìkọlù máa ń da eré gbogbo ẹ̀rún omi pọ̀ mọ́ra, tó fi jẹ́ pé iye wọn, ipá ìrìn wọn àti agbára wọn nìkan ló kù tí a lè tọpa. Lórí ìlà tiwa yìí, ìkọlù kò lè pa eré kankan rẹ́. Eré tó wà láàárọ̀ ló wà lálẹ́. Nítorí náà, eré kọ̀ọ̀kan ló ní ìdọ́gba tirẹ̀, gbogbo àwọn ìdọ́gba náà sì so mọ́ra.

Ohun tí o nílò

Pẹ́ńsù, ìwé alákọsílẹ̀, àti ẹ̀rọ ìṣirò kékeré. Igi ìgbálẹ̀ mẹ́wàá tí a gé ní sẹ̀ńtímítà márùn-ún márùn-ún. Má fojú di èyí. Kọ̀ǹpútà tó ní Python àti NumPy fún ìpele 4, ìparí ìpele 6 àti ìpele 7. Bí kò bá sí, ìwé nìkan tó fún ìyókù. Ó yẹ kí o lè wá ààyè tó wà lábẹ́ ìlà tààrà, kí o sì lè yanjú ìdọ́gba onípá méjì. O kò nílò ìmọ̀ kúọ́ńtọ́ọ̀mù rárá títí a ó fi dé ìpele 7.

Kọ àwọn àmì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ, kí o má pààrọ̀ wọn láàárín iṣẹ́:

a: gígùn ọ̀pá kan.
v: eré àbínibí, ìyẹn eré tí ọ̀pá máa ní bó bá dá wà. Ọ̀tún ni +, òsì ni −.
ρ(v): ìpọ̀ eré v, iye rẹ̀ nínú gígùn 1. ρ láìní v lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni àròpọ̀ gbogbo wọn.
V(v): eré ojú ọ̀nà, bí eré v ṣe ń jìnnà tó gan-an nígbà tí àwọn yòókù bá wà níbẹ̀.

aρ gbọ́dọ̀ kéré sí 1 nígbà gbogbo. Bó bá tó 1, àwọn ọ̀pá ti kún ìlà láìku àyè.

Ìpele 1: Kọ́ ojú rẹ láti tẹ̀lé eré

To igi ìgbálẹ̀ márùn-ún sórí tábìlì ní ìlà kan, kí àyè sẹ̀ńtímítà méjì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Fi ìka ti èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá. Bó bá ti fi orí kan èyí tó wà níwájú rẹ̀, dá a dúró, kí o sì máa ti èyí tó kàn lọ ní eré kan náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí nígbà tí ọ̀pá méjì tí ìwúwo wọn dọ́gba bá kọlu ara wọn láìpàdánù agbára: wọ́n á pààrọ̀ eré.

Wàyí o, gbàgbé igi. Wo ibi tí eré wà. Kí ìkọlù tó wáyé, àárín igi ẹ̀yìn ni eré wà. Lẹ́yìn ìkọlù, àárín igi iwájú ló wà. Ó ti fo síwájú ní gígùn igi kan, láìlo àkókò kankan.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ní etí ọ̀sà á mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọmọkùnrin á to ìlà láti inú ọkọ̀ dé orí ilẹ̀, àpò á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Kò sí ẹni tó rìn ju ìṣísẹ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n àpò ti dé inú ọkọ̀ akẹ́rù. Bí o bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń yá sí, àpò ni o máa ṣọ́. Níbí, eré ni àpò, ọ̀pá ni ẹni tó ń gbé e.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n á fi àmì sí ọ̀pá kan, wọ́n á sì máa tẹ̀lé e. Ọ̀pá náà á kàn máa lọ síwá sẹ́yìn láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀, wọ́n á sì gbà pé ìkọlù ń dá eré dúró. Ọ̀pá ni ìkọlù ń dá dúró. Eré ń lọ ní tirẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ti eré láti igi kìíní títí yóò fi dé igi karùn-ún. Láti àárín igi kìíní sí àárín igi karùn-ún kí o tó bẹ̀rẹ̀, sẹ̀ńtímítà 28 ni. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ ibi tí ìka rẹ ti igi gbà jẹ́ 8 péré. 20 tó kù ni ìfò mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Bí o bá rí 8 àti 20 yìí, o lè tẹ̀síwájú. Bí o kò bá rí i, tún un tì.

Ìpele 2: Ka ìfò, kí o sì rí eré ojú ọ̀nà

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, eré v pàdé àwọn eré mìíràn. Iye eré w tó bá pàdé jẹ́ ìpọ̀ w ní ìlọ́po bí àwọn méjèèjì ṣe ń sún mọ́ra. Bí v bá lé w bá, v á fo síwájú ní a. Bí w bá lé v bá, v á fo sẹ́yìn ní a. Nítorí náà (Σ ni àròpọ̀ lórí gbogbo eré w):

V(v) = v + a Σ ρ(w) [V(v) − V(w)]

Dúró kí o wo ohun tó wà nínú àkámọ́. Kò kọ v − w síbẹ̀. V(v) − V(w) ló kọ. Ìdí ni pé w náà ń fo lójú ọ̀nà tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ra sì ti ní ìfò àwọn méjèèjì nínú. Ibí ni ìdọ́gba yìí ti ń bu ara rẹ̀ jẹ, tí ohun tí a ń wá fi wà ní ọ̀tún àti ní òsì.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Ẹni tó bá lo v − w máa rí 2 + 0.2 × 3 = 2.6 fún ìbéèrè òkè. Mo ti rí 2.6 yìí lórí ìwé àwọn tó mọ ìṣirò dáadáa. Bí ó bá jẹ́ òun lo rí, o ti gba ìpele 1, ìpele 2 ló kù.

Ó dùn pé fún ọ̀pá líle, a lè tú okùn yìí pẹ̀lú ọwọ́. Kọ ìdọ́gba náà fún v, kọ ọ́ fún w, yọ èkejì kúrò nínú èkíní. O máa rí i pé V(v) − V(w) = (v − w)/(1 − aρ). Fi èyí sí ipò rẹ̀ padà:

V(v) = [v − a Σ ρ(w) w] / (1 − aρ)

Fún ìbéèrè wa, ρ = 0.5, Σ ρ(w) w = 0.6 − 0.2 = 0.4. Nítorí náà V(2) = (2 − 0.4)/0.5 = 3.2, V(−1) = (−1 − 0.4)/0.5 = −2.8.

Mo fẹ́ kí o ṣe ìṣirò kan sí i kí o tó kúrò níbí, torí òun ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ èèyàn lára. Ju eré 0 kan sáàárín wọn, ọ̀pá kan péré tó dúró jẹ́ẹ́. V(0) = −0.4/0.5 = −0.8. Ohun tó dúró ń rìn sẹ́yìn! Ìṣàn ọ̀pọ̀ ọ̀pá sì rèé, ọ̀tún ló ń lọ. Báwo? Àwọn eré 2 ń lé e bá láti ẹ̀yìn ní ìgbà 0.3 × (3.2 + 0.8) = 1.2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkọ̀ọ̀kan sì ń jù ú sẹ́yìn ní gígùn ọ̀pá kan. Àwọn eré −1 ń kàn án láti iwájú ní ìgbà 0.2 × (−0.8 + 2.8) = 0.4, ìkọ̀ọ̀kan ń jù ú síwájú. 0.4 − 1.2 = −0.8. Ó pé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò gbà á gbọ́ títí mo fi fi igi ìgbálẹ̀ ṣe é.

*Àyẹ̀wò:* Méjì ni. Àkọ́kọ́, Σ ρ(v) V(v) gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú Σ ρ(v) v: 0.3 × 3.2 − 0.2 × 2.8 = 0.96 − 0.56 = 0.4. Èkejì, dá V padà sínú ìdọ́gba àkọ́kọ́: 2 + 0.2 × (3.2 + 2.8) = 3.2. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kọ̀, má lọ sí ìpele 3.

Ìpele 3: Yọ gígùn kúrò, sún, dá gígùn padà

Gbogbo ìfò yìí wá láti inú gígùn ọ̀pá. Nítorí náà, yọ gígùn náà kúrò. Fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ka iye ọ̀pá tó wà ní òsì rẹ̀, kí o sì yọ a ní ìlọ́po iye yẹn kúrò nínú ibi tó wà. Ohun tó kù jẹ́ àmì kékeré lórí ìlà tó ti súnkì. Mo ń pe ìyẹn ní ìlà kúkúrú. Lórí ìlà kúkúrú, àwọn àmì ń gba inú ara wọn kọjá bí òjìji, ìkọ̀ọ̀kan ní eré àbínibí rẹ̀, kò sí ìfò kankan mọ́.

Mú ọ̀pá mẹ́ta. Àárín wọn wà ní 0, 3, 6; eré wọn jẹ́ 2, 0, −1; a = 1. A fẹ́ mọ ibi tí wọ́n wà nígbà t = 1.5.

Yọ gígùn: 0 − 0, 3 − 1, 6 − 2, ó di 0, 2, 4.
Sún: 0 + 3 = 3, 2 + 0 = 2, 4 − 1.5 = 2.5.
Tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún: 2 (eré 0), 2.5 (eré −1), 3 (eré 2).
Dá gígùn padà: 2 + 0, 2.5 + 1, 3 + 2, ó di 2, 3.5, 5.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n á fi nọ́ńbà àtijọ́ dá gígùn padà. Eré 2 jẹ́ nọ́ńbà 0 níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ ti di 2 lẹ́yìn títò. Ipò tuntun ni o máa lò.

*Àyẹ̀wò:* Tẹ̀lé ìkọlù náà pẹ̀lú ọwọ́. Ọ̀pá kìíní kan èkejì nígbà t = 1. Èkejì kan ẹ̀kẹta ní ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí t bá di 1.5, wọ́n gbọ́dọ̀ wà ní 2, 3.5 àti 5, pẹ̀lú eré 0, −1 àti 2.

Ìpele 4: Gbé e sínú kọ̀ǹpútà

Ìlà márùn-ún péré ni:

ka = np.arange(len(x))
y = x - a*ka + v*t
ipo = np.argsort(y)
x_tuntun = y[ipo] + a*ka
v_tuntun = v[ipo]

x gbọ́dọ̀ ti tò láti òsì sí ọ̀tún kí o tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìgbésẹ̀ àkókò kéékèèké níbí: t = 5 àti t = 5000 ń gba iṣẹ́ kan náà, ìdáhùn rẹ̀ sì pé pérépéré. Fún ẹni tí iná lè lọ lórí rẹ̀ nígbàkigbà, àǹfààní ńlá nìyẹn.

*Àyẹ̀wò:* Fi ọ̀pá mẹ́ta ìpele 3 sí i. Lẹ́yìn náà, fi ọ̀pá ẹgbẹ̀rún kan sí i, kí o sì wo x_tuntun: kò gbọdọ̀ sí aládùúgbò méjì tí àárín wọn súnmọ́ra ju a lọ.

Ìpele 5: Láti ọ̀pá sí ìṣàn

Nígbà tí ọ̀pá bá pọ̀ gan-an, tí ìpọ̀ wọn sì ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, a ò nílò láti ka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ìdọ́gba méjì ló wà, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sì ń sọ:

∂ρ(v)/∂t + ∂(V(v)ρ(v))/∂x = 0
∂n(v)/∂t + V(v) ∂n(v)/∂x = 0

∂/∂t ni bí nǹkan ṣe ń yí bí àkókò ti ń lọ, ∂/∂x ni bó ṣe ń yí láti ibì kan sí ibòmíràn. n ni ìpọ̀ lórí ìlà kúkúrú: n(v) = ρ(v)/(1 − aρ). Ẹ wo ibi tí V wà. Nínú ti ρ, V wà nínú ∂/∂x, torí pé ρ máa ń fún, ó sì máa ń tú. Nínú ti n, V wà níta, torí pé n kì í fún, kì í tú. A kàn ń gbé e lọ ni, bí ojú-oró tí omi ń gbé. Ẹni tó bá pààrọ̀ wọn máa rí ọ̀pá tó ń pòórá.

Jẹ́ kí N = Σ n(v), J = Σ v n(v). Nígbà náà ρ = N/(1 + aN), ìṣàn wọn jẹ́ J/(1 + aN), àti pé:

V(v) = v(1 + aN) − aJ

Ìdọ́gba kékeré yìí ni kọ́kọ́rọ́ ìpele tó kàn.

*Àyẹ̀wò:* Fún àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, n jẹ́ 0.6 àti 0.4, N = 1, J = 0.8. V(2) = 4 − 0.8 = 3.2.

Ìpele 6: Ìlà tí ìpọ̀ òsì yàtọ̀ sí ti ọ̀tún

Èyí ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń dán irú ìdọ́gba báyìí wò. Òsì ní ìpọ̀ kan, ọ̀tún ní òmíràn, ògiri wà láàárín wọn ní x = 0. A yọ ògiri kúrò nígbà t = 0. Kí ni ìpọ̀ máa dà?

Mú a = 1. Ní òsì, n(v) = 0.5 fún gbogbo eré láti −1 dé 1. Ní ọ̀tún, n(v) = 0.25 fún àwọn eré kan náà. Nítorí náà N, tó jẹ́ ààyè tó wà lábẹ́ n, jẹ́ 1 ní òsì, ρ = 0.5, N jẹ́ 0.5 ní ọ̀tún, ρ = 0.3333.

Kò sí ìwọ̀n gígùn kankan nínú ìbéèrè yìí, torí náà ìdáhùn kò lè dúró lórí x lọ́tọ̀ tàbí t lọ́tọ̀, bí kò ṣe lórí ξ = x/t. Bí o bá dúró sórí ξ kan, eré tí V rẹ̀ ju ξ lọ, òsì ló ti wá. Eré tí V rẹ̀ kéré sí i, ọ̀tún ló ti wá. V ń pọ̀ sí i bí v ṣe ń pọ̀ sí i, torí náà ààlà kan ṣoṣo ló wà. Pè é ní v*.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe ni kí wọ́n yan ξ, kí wọ́n wá máa fojú inú wo ρ, kí wọ́n ṣírò V, kí wọ́n tún ρ ṣe, kí wọ́n tún V ṣe, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Yí i po. Yan v* lákọ̀ọ́kọ́. Bí o bá ti yan án, o ti mọ N àti J, ξ á sì jáde ní ìgbésẹ̀ kan:

N = 0.5(1 − v*) + 0.25(v* + 1) = 0.75 − 0.25v*
J = 0.125(1 − v*²)
ξ = v*(1 + N) − J = 1.75v* − 0.125v*² − 0.125

Ṣe é fún iye márùn-ún:

v* = −1: ξ = −2, ρ = 0.5
v* = −0.5: ξ = −1.03125, ρ = 0.4667
v* = 0: ξ = −0.125, ρ = 0.4286
v* = 0.5: ξ = 0.71875, ρ = 0.3846
v* = 1: ξ = 1.5, ρ = 0.3333

Ní òsì −2 àti ní ọ̀tún 1.5, ìròyìn kò tíì dé. Kíyè sí i pé apá méjèèjì kò dọ́gba: ìròyìn ń yára ní ibi tí ọ̀pá ti pọ̀, torí ìfò pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ya àwòrán tó dọ́gba ní apá méjèèjì ti gbàgbé ìfò.

Nǹkan kan tún wà níbí tó yẹ kí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe. Wá bí ξ ṣe ń yí nígbà tí v* bá yí. Àwọn apá tó wá láti inú N àti J máa pa ara wọn rẹ́, ohun tó kù ni 1 + aN. Kò lè di 0, kò lè yí sí òdì. Nítorí náà ξ kì í ká lé ara rẹ̀ lórí, ìgbì òjijì tó máa ń yọ nínú gáàsì lásán kò sì ní yọ níbí láéláé, bó ti wù kí òsì àti ọ̀tún yàtọ̀ síra tó. Gbogbo ètò tó wà nínú ẹbí yìí, níbi tí ìkọlù kò ti lè pa eré rẹ́, ló ní ìwà yẹn. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá fi ògiri gíga kan hàn ọ́ láàárín ìlà, àṣìṣe ọwọ́ rẹ ni.

*Àyẹ̀wò kìíní:* Ní ξ = 0, yanjú v*² − 14v* + 1 = 0. v* = 7 − √48 = 0.0718. Ṣírò ìṣàn níbẹ̀, J/(1 + N): 0.12436/1.73205 = 0.0718. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, torí pé nígbà tí V bá jẹ́ 0, v* jẹ́ a ní ìlọ́po ìṣàn. ρ níbẹ̀ jẹ́ 0.4226.

*Àyẹ̀wò kejì:* Ọ̀pá tó gba x = 0 kọjá gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀tún. Ṣe àròpọ̀ ρ láti ξ = 0 dé 1.5. Má bẹ̀rù rẹ̀: dξ = (1 + N)dv*, ρ = N/(1 + N), torí náà àròpọ̀ N láti 0.0718 dé 1 nìkan ni. Ó jẹ́ 0.5718. Yọ 0.5 tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ku 0.0718. Owó tó jáde lápò yìí ló wọ àpò kejì.

*Àyẹ̀wò kẹta, fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà:* Lórí ìlà kúkúrú, da àmì 2000 sáàárín −2000 àti 0 láìtẹ̀lé ètò kankan, da 1000 sáàárín 0 àti 2000. Fún ìkọ̀ọ̀kan ní eré tí o ṣà láàárín −1 àti 1. Sún wọn fún t = 500, tò wọ́n, kí o sì dá gígùn padà. Níbí, kíkà ipò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti −2000. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti 0, gbogbo ìlà á sún kúrò lójú rẹ̀. Ka ọ̀pá tó wà láàárín x = −50 àti x = 50. Ṣe é nígbà ogún, kí o sì wá àárín wọn: nǹkan bí 42 ni. Bí o bá lo t = 5 dípò 500, àwòrán ìpọ̀ lórí ξ kò ní bá a mu dáadáa, má sì dá ìdọ́gba lẹ́bi. Iye ìfò tí kò dọ́gba ń da etí ìṣàn rú, ìrúkèrúdò yẹn sì ń gbòòrò bí √t, nígbà tí ìṣàn fúnra rẹ̀ ń gbòòrò bí t. Fún un ní àkókò kí ìkejì lè bo èkíní mọ́lẹ̀.

Ìpele 7: Nígbà tí ìfò bá dúró lórí eré

Ọ̀pá líle ní ìfò kan náà fún gbogbo ìkọlù. Àwọn ètò mìíràn nínú ẹbí yìí ní ìfò tó ń yí gẹ́gẹ́ bí eré méjì tó pàdé ṣe yàtọ̀ síra. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni ti Lieb àti Liniger, ti 1963: àwọn átọ́ọ̀mù tó ń ti ara wọn nígbà tí wọ́n bá fara kàn, pẹ̀lú agbára c. Ní ọdún 2019, wọ́n fi átọ́ọ̀mù rubidium tó tutù gidigidi dán ìdọ́gba ìṣàn yìí wò ní ilẹ̀ Faransé, ó sì bá ohun tí wọ́n rí mu.

Ọwọ́ nìkan kò lè tú okùn náà mọ́. Pín eré sí àwọn ojú àmì θ tí iye wọn jẹ́ M, pẹ̀lú ìwọ̀n w, kọ tábìlì T tó ń sọ ìfò láàárín méjì méjì, kí o sì yanjú ìdọ́gba ìlà tààrà. Àwọn onífísíìsì ń pe iṣẹ́ yìí ní dressing:

A = np.eye(M) - T*(w*n)
P = np.linalg.solve(A, np.ones(M))
E = np.linalg.solve(A, theta)
V = E/P

Fún ọ̀pá líle, gbogbo T jẹ́ −a. Fún ti Lieb àti Liniger, T = c/(π(c² + (θ − θ′)²)), n wà láàárín 0 àti 1, ρ = nP/2π. Àmì T ti yí padà: níbẹ̀, ìkọlù ń dá eré tó yára dúró ni, kì í jù ú síwájú.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* w*n gbọ́dọ̀ wọ inú òpó T, ìyẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe inú ìlà rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Àṣìṣe yìí burú torí ó lè fara pamọ́: bí w*n bá rí bákan náà níbi gbogbo, ìdáhùn á jáde dáadáa. Ọjọ́ tí n bá yí ni ohun gbogbo á bàjẹ́. Èkejì ni 2π. Bí o bá ti fi í sínú T, má tún fi í sínú n.

*Àyẹ̀wò:* Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá: M = 2, θ = 2 àti −1, w = 1, n = 0.6 àti 0.4, gbogbo T = −1. P gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.5 fún méjèèjì, V gbọ́dọ̀ jẹ́ 3.2 àti −2.8, bí a ṣe rí i níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sí ti Lieb àti Liniger pẹ̀lú c = 200, n = 1 láti −1 dé 1, ojú àmì Gauss-Legendre 40 (ọ̀nà kan láti yan θ àti ìwọ̀n w). Nígbà tí c bá tóbi báyìí, átọ́ọ̀mù ń hùwà bí ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ −2/c. Bẹ́ẹ̀ ni, gígùn tó wà lábẹ́ òdo, −0.01 níbí. V/θ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.9968 níbi gbogbo. Bó bá jẹ́ 1.0032 ló jáde, àmì T ló yí sódì. Tún un ṣe, kí o wá mú c sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé 1, kí o sì máa wo P: kò gbọdọ̀ kéré sí 1 níbikíbi.